Áàpù wo ni kí n fi to fótò 40,000 tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi?

Arábìnrin kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fótò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé wa ti lé ní 40,000, inú fóònù mẹ́ta ló ti wá, pẹ̀lú kámẹ́rà kan àti hard drive àtijọ́ méjì. Bí mo ṣe ń tò ó ló ń dà rú sí i, fótò kan náà á wà níbi mẹ́rin, èyí tí mo yà lọ́dún 2014 á lọ jókòó sáàárín ti ọdún yìí. Ọkọ mi ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sórí Google Photos kí n yéé da ara mi láàmú, ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní Lightroom ni gbogbo ayé ń lò, ẹlòmíì ní digiKam. Mi ò fẹ́ nǹkan tí màá máa sanwó fún lóṣooṣù. Windows ni mo ń lò. Ẹ sáà dárúkọ èyí tó dáa jù fún mi, kí n gbé e sórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ yìí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dìlíìtì.”

Àǹtí mi, ẹ kú làálàá fótò o. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín ná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dìlíìtì nǹkankan lálẹ́ yìí. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, “lálẹ́ yìí” yẹn ló dẹ́rù bà mí jù, torí mo mọ ẹni tó fi ìbínú jókòó to fótò lóru, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ fótò ọdún méjì ti wọlẹ̀ lọ. Tí ọ̀rọ̀ yín bá yé mi dáadáa, kì í ṣe orúkọ áàpù gan-an lẹ̀ ń wá. Ohun méjì lẹ̀ ń wá, ìkíní ni pé kẹ́ ẹ fẹ́ fótò kan kẹ́ ẹ sì rí i kíá, ìkejì ni pé kó dá yín lójú pé bó pẹ́ bó yá kò ní sọnù. Áàpù lè ràn yín lọ́wọ́ fún ti àkọ́kọ́, ìyẹn tẹ́ ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ tiyín kó tó dé. Ti ìkejì ò sí lọ́wọ́ áàpù kankan rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú ni pé wọ́n rò pé inú áàpù ni fótò ń gbé. Kì í gbébẹ̀ o. Inú fódà ni fótò yín wà, bó ṣe wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ orúkọ digiKam náà ló ṣe máa wà tẹ́ ẹ bá yọ digiKam kúrò. Áàpù dà bí akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkówèésí, káàdì ló wà lọ́wọ́ tiẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé báyìí wà lórí pẹpẹ báyìí. Irú méjì ló sì wà. Àwọn kan ò fi bẹ́ẹ̀ ní káàdì, ńṣe ni wọ́n kàn ń ṣí fódà wò bó ṣe wà, irú wọn ni XnView MP, FastStone Image Viewer àti Adobe Bridge. Àwọn kejì ló ń kọ káàdì, wọ́n á kọ́kọ́ ka gbogbo fódà yín tán, wọ́n á wá ṣe àkọsílẹ̀ tiwọn pamọ́, bí i digiKam àti Lightroom Classic. Àwọn oníkáàdì yìí mọ nǹkan wá púpọ̀, ẹ ní kó kó gbogbo fótò tí Bọ́lá àti màmá àgbà jọ wà nínú ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti kó o dé. Wàhálà wọn ni pé tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀yìn wọn lọ gbé fódà kúrò níbi tó wà, tàbí tẹ́ ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà nínú File Explorer, káàdì ò mọ̀. Nínú Lightroom, àmì ìyanu kékeré kan lẹ máa rí létí fótò, bí ẹni ń sọ pé “mo mọ ẹni yìí o, mi ò kàn mọ ibi tó kó lọ ni.” Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo pé áàpù ti jẹ fótò àwọn, ohun tó ṣe wọ́n nìyẹn, fótò wà níbẹ̀ kò lọ síbì kankan, àwọn fúnra wọn ló gbé e kúrò níwájú akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Áàpù kan wà tí mo lò nígbà kan, kò sí ìdí tí màá fi dárúkọ ẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ó mọ ojú èèyàn, ẹ kàn máa kọ orúkọ sábẹ́ ojú ni, òun náà á máa wá ojú yẹn kiri nínú fótò tó kù. Fótò kan wà tá a yà níbi ọjọ́ ìbí màmá mi, èèyàn mọ́kànlélógójì ló tò síbẹ̀, mi ò mọ̀ ju bí i mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú wọn. Màmá jókòó tì mí, mo ń fi mouse tẹ ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọ́ mo ń kọ ọ́: ìyẹn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìyẹn ẹni tá a jọ kọ́ṣẹ́, èyí tó wọ búlúù tó fẹ́ jọ pé inú ń bí i yẹn, inú ò bí i o, bójú ẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà wá, a rẹ́rìn-ín títí. Ọdún ń gorí ọdún, mo ra kọ̀ǹpútà tuntun, mo kó gbogbo fódà sórí ẹ̀, fótò pé pérépéré. Mo ṣí fótò yẹn, ojú mọ́kànlélógójì ń wò mí, orúkọ ẹyọ kan ò sí lábẹ́ wọn. Inú fáìlì kan tó jẹ́ ti áàpù yẹn nìkan ló ti kọ gbogbo orúkọ sí, fáìlì ọ̀hún sì wà nínú kọ́lọ́fín kan lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo ti nù mọ́ kí n tó fi tọrẹ, àwọn tó ṣe áàpù náà ti pa á tì, màmá náà ò sì sí mọ́ tí màá tún bi wọ́n. Láti ọjọ́ náà, tẹ́nikẹ́ni bá bi mí pé áàpù wo ló dáa, ìbéèrè lèmi náà máa ń fi dá a lóhùn: tí áàpù yìí bá kú lọ́la, kí ló máa ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́?

Wọ́n sì máa ń kú, ẹ má tàn ara yín. Picasa tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń to fótò, Google rà á lọ́dún 2004, nígbà tó di oṣù kẹta 2016 wọ́n pa á tì. Aperture ti Apple, àwọn tó ń fi fótò jẹun gan-an ló ń lò ó, lọ́dún 2015 wọ́n gbé e kúrò lórí igbá. Photo Gallery ti Microsoft náà, ibẹ̀rẹ̀ 2017 ni tiẹ̀ parí. Ẹ wo orúkọ àwọn mẹ́ta yẹn dáadáa, ṣé ilé iṣẹ́ kéékèèké tó wọko gbèsè ni? Torí náà tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé ẹ fọkàn balẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣe é, ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni.

Kí ló wá ń jẹ́ kí orúkọ bá fótò lọ síbikíbi tó bá lọ? Nínú fáìlì JPEG kan, ìyẹn irú fáìlì fótò tó wọ́pọ̀ jù, àwòrán nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, àyè ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Fóònù tàbí kámẹ́rà á kọ́kọ́ kọ tiẹ̀ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ọjọ́, aago, irú kámẹ́rà, àti ibi tẹ́ ẹ dúró sí tí GPS bá wà ní títàn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní EXIF. Ẹ̀yin náà lè wá kọ tiyín, orúkọ èèyàn, àkọlé, táàgì (ọ̀rọ̀ kékeré tẹ́ ẹ fi ń dá fótò mọ̀), ìràwọ̀ láti orí kan dé márùn-ún, ìyẹn á lọ sínú IPTC tàbí XMP, àwọn àyè ọ̀rọ̀ míì nínú fáìlì náà. Adobe ló gbé XMP yìí jáde lọ́dún 2001, ṣùgbọ́n áàpù fótò tó bá mọ ohun tó ń ṣe ló ń kà á, ẹni yòówù kó ṣe é. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ fi bírò kọ orúkọ sẹ́yìn fótò orí bébà, ẹni tó bá gba fótò ti gba orúkọ nìyẹn. Áàpù tó bá ń kọ ọ́ sínú ìwé tiẹ̀ nìkan, ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ wá lọ fi ìwé náà pamọ́ sílé onílé, ọjọ́ tí onílé bá kó lọ ńkọ́?

Ẹ̀yin ò bi mí lọ́rọ̀ọ́rọ̀, àmọ́ ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí fótò 2014 fi lọ jókòó sáàárín ti ọdún yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé o. Ọjọ́ mẹ́ta ló lè wà lára fáìlì kan. Èyí tí kámẹ́rà kọ sínú EXIF, òun ni ojúlówó. Èyí tí Windows ń pè ní “Date created”, ọjọ́ tí fáìlì yẹn dé orí kọ̀ǹpútà yìí ni, tẹ́ ẹ bá kọ́pì ẹ̀ láti orí hard drive àtijọ́ lánàá, àná ló máa kọ. Ìkẹta ni “Date modified”, ọjọ́ tí nǹkan yí padà nínú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wá fi Date created to fódà, ọmọ yín tó ti ga ju yín lọ á tún máa rákòrò láàárín fótò àná. “Date taken” ni kẹ́ ẹ máa lò, òun ló ń ka EXIF.

Àwọn tó gba orí WhatsApp wọlé ò tiẹ̀ ní EXIF mọ́, WhatsApp máa ń bọ́ ọ kúrò lára fótò, á tún fún fótò náà pọ̀ kó lè kéré. Àmọ́ ẹ wo orúkọ fáìlì ẹ̀ dáadáa, irú bí IMG-20190817-WA0012.jpg. Ọdún 2019 nìyẹn, oṣù kẹjọ, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọjọ́ tó wọlé sórí fóònù ni o, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ, torí ẹ̀ ẹ má sáré lọ yí orúkọ ẹ̀ sí “ìgbéyàwó1”, ẹ máa fọwọ́ ara yín pa ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù ni. Tẹ́nìkan bá sì fẹ́ fi fótò gidi ránṣẹ́ sí yín láti òní lọ, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bí document, EXIF ẹ̀ ò ní sọnù. Kámẹ́rà yín yẹn náà ńkọ́, tí bátìrì ẹ̀ bá ti kú pátápátá nígbà kan, aago ẹ̀ lè ti padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún kan tẹ́ ò tiẹ̀ tíì rà á, gbogbo fótò tẹ́ ẹ yà lẹ́yìn ìyẹn á máa purọ́ ọjọ́. Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wá fótò kan tí ọjọ́ ẹ̀ dá yín lójú nínú wọn, bí i ọjọ́ ìbí ọmọ, ẹ ṣírò iye ọjọ́ àti wákàtí tó fi yàtọ̀, kẹ́ ẹ wá fi iye yẹn kan náà sún gbogbo ìyókù. digiKam ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. ExifTool tí Phil Harvey ti ń ṣe láti 2003 náà lè ṣe é fún ẹgbẹ̀rún fótò lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kò ní bọ́tìnnì, ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí ni, tí ojú dúdú bá ń bà yín lẹ́rù ẹ fi sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fótò kan náà níbi mẹ́rin, ibí ni mo ti ń bẹ̀rù fún yín jù. “Kan náà” pín sí méjì. Ọ̀kan ni pé fáìlì méjèèjì jọra látòkè délẹ̀, kò fi ohunkóhun yàtọ̀, áàpù á ṣírò nọ́ńbà kan jáde látinú fáìlì kọ̀ọ̀kan bí ìtẹ̀ka, tí ìtẹ̀ka bá bára mu, ẹ lè yọ ọ̀kan kúrò kẹ́ ẹ sùn fọnfọn. Ìkejì ni èyí tí ojú wọn jọra. Áàpù á wo ìrísí fótò, á ní ó jọ ìyẹn dé ìwọ̀n báyìí. Ẹ yà ẹ̀rín ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ó dijú nínú ìkíní, ó ń wo ibòmíì nínú ìkejì, ìkẹta ló bọ́ sí i, lójú áàpù ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, tẹ́ ẹ bá ní kó máa yàn fúnra ẹ̀ ó lè fi èyí tó dijú sílẹ̀ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni fótò tó jáde látinú kámẹ́rà pẹ̀lú ìbejì ẹ̀ tó lọ WhatsApp tó padà wá. Lójú kọ̀ǹpútà ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ Properties wò, ọ̀kan á jẹ́ 4000 × 3000, ìyẹn mílíọ̀nù pixel méjìlá, èkejì á kéré gan-an, kò sì ní lọ́jọ́ nínú. Èyí tó tóbi ni kẹ́ ẹ tọ́jú, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ yọjú. digiKam lè wá àwọn tó jọra, dupeGuru àti Czkawka náà ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ má dìlíìtì, ẹ kó èyí tẹ́ ò fẹ́ sínú fódà kan tẹ́ ẹ sọ ní “ẹ dúró ná”, kó wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, tẹ́nikẹ́ni ò bá wá a, ó lè máa lọ. Òdìkejì ẹ̀ tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: fótò méjì lè ní orúkọ kan náà kí wọ́n má sì jọra rárá. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń ka IMG_0001 dé IMG_9999, á tún padà sí 0001. Tẹ́ ẹ bá wá ń da fódà méjì pọ̀ tí Windows bi yín pé ṣé kóun fi èyí rọ́pò ìyẹn, tẹ́ ẹ tẹ Replace, fótò kan ti kú nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín. “Compare info for both files” ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ nígbà gbogbo (“Let me decide for each file” ló máa jẹ́ tí fáìlì bá pọ̀), kẹ́ ẹ fi àmì sí méjèèjì kí wọ́n lè jọ wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dárúkọ. digiKam ni mo fi ń to tèmi, mi ò ní purọ́. Ó ti wà láti 2001, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ohun tó sì jẹ́ kí n dì í mú ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i ló máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó máa kọ táàgì àti orúkọ sínú fáìlì fótò fúnra ẹ̀ tàbí kó máa kọ ọ́ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ nìkan. “Add information to files” ni kẹ́ ẹ mú. Àbùkù ẹ̀ náà wà. Bọ́tìnnì ẹ̀ pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ máa lò láyé yín lọ, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ máa bínú sí mi. Kíkà tó máa kọ́kọ́ ka 40,000 fótò yẹn máa gba wákàtí, wíwá ojú èèyàn lè gbòru mọ́jú, ẹ má jókòó tì í, ẹ lọ sùn. Àti pé ojú wíwá yẹn, kò sí áàpù kan tí kì í ṣì í. Ó ń pe èmi àti àbúrò mi lórúkọ kan náà, ọmọ tó dàgbà láàárín ọdún mẹ́wàá máa di èèyàn mẹ́ta lójú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jókòó ṣàtúnṣe. XnView MP ni màá fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, ó fúyẹ́, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó nílé, ó ń ṣí fódà wò bó ṣe wà, ó sì lè kọ táàgì sínú fáìlì. Kò ní bá yín wá ojú èèyàn o. Photos tó bá Windows wá dáa fún wíwò, ibẹ̀ ló mọ, ẹ má fi to nǹkan tó máa pẹ́.

Lightroom tí ẹni ibi iṣẹ́ yín sọ, kò parọ́ pé ó dáa, òun ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń ya RAW (fótò tútù tí kámẹ́rà ò tíì sọ di JPEG) tó sì ń tún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ fótò ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ẹ̀ ń wá fótò, ẹ ò tún fótò ṣe, kí lẹ fẹ́ fi àdá gígùn gé èékánná sí? Oṣooṣù ni wọ́n sì ń san án, èyí tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo parí sórí Lightroom 6 tó jáde lọ́dún 2015. Kí n má ṣe wọ́n láìdáa, tẹ́ ẹ bá dáwọ́ sísan dúró Lightroom Classic ò ní ti fótò yín mọ́lé, ẹ ṣì lè ṣí i kẹ́ ẹ kó wọn jáde, apá tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe ni wọ́n máa tì. Òun náà lè kọ sínú XMP, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa lọ tẹ̀ ẹ́ nínú Catalog Settings. Ẹ tún máa gbọ́ orúkọ Immich àti PhotoPrism lẹ́nu àwọn ọmọdé tó mọ kọ̀ǹpútà, áàpù tí èèyàn ń gbé sórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ kó lè dà bíi Google Photos tiẹ̀, ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n tò. Wọ́n dùn ún lò, bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń gbé inú ilé yín tí kò sì ní rìnrìn àjò, ẹ lò ó.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín wá kù. Wọn ò ṣì sọ pátápátá. Google Photos mọ nǹkan wá ju gbogbo èyí tí mo dárúkọ lọ, ẹ kọ “dog” (ajá) tàbí “beach” (etí òkun) síbẹ̀, á kó ajá dé láìjẹ́ pé ẹ ti kọ táàgì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní fótò kan jẹ́ 3MB, 40,000 á jẹ́ nǹkan bí 120GB. 15GB ni wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Drive yín sì wà nínú 15 yẹn, ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń sọ pé kò lópin, ó parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2021. Owó oṣooṣù tẹ́ ẹ ń sá fún náà ló tún ń dúró dè yín lọ́hùn-ún. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù, orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá fóònù yín lọ bá a bọ̀ kì í ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ dìlíìtì lórí fóònù, ó lè parẹ́ lọ́hùn-ún náà, èyí tó bá ti wọ trash níbẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ló ní. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó ẹrù yín kúrò, Google Takeout á fún yín ní fótò lọ́tọ̀, á fún yín ní fáìlì JSON lọ́tọ̀ tí àkọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ tún ṣe wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ á tún wá wà níbẹ̀. Tí ọkọ yín bá fẹ́ san án, kí wọ́n san án, ẹ fi ṣe àfikún ẹ̀dà. Kó má ṣáà jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni fótò wà.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá ra hard drive ìta méjì kí n tó wá áàpù kankan. Gbogbo nǹkan bó ṣe rí, pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹ̀, màá kọ́pì ẹ̀ sórí àkọ́kọ́, màá tì í mọ́ inú àpótí. Ìkejì á máa gba ẹ̀dà tuntun, á sì máa gbé nílé ẹlòmíì, iná àti olè kì í mú ẹ̀dà kan kó fi èkejì sílẹ̀ nínú ilé kan náà. Lẹ́yìn náà màá ṣe fódà ọdún, nínú ẹ̀ fódà oṣù, 2014-08, kí ọdún ṣáájú oṣù kó lè máa tò fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ ọjọ́ ńlá màá fi orúkọ kún un, “2014-08 ìgbéyàwó Bọ́lá.” Kì í ṣe 2014 ni màá ti bẹ̀rẹ̀ o, àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn. Ti oṣù yìí ni màá kọ́kọ́ tò, kí ibi tó ń jò lọ́wọ́lọ́wọ́ kọ́kọ́ dí, lẹ́yìn náà kí n máa fi ẹ̀yìn rìn padà, oṣù kan lálẹ́ kan. Táàgì náà ò ní pọ̀: ta ni, níbo, kí ló ṣẹlẹ̀. Mo mọ ẹni tó kọ àwọ̀ aṣọ mọ́ gbogbo fótò, kò dé oṣù kejì tó fi sá. Fótò tí àgbàlagbà nìkan mọ orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró de oṣù tó kàn án, ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí.

Ibi tí agbára mi mọ nìyí: ọjọ́ tó ti bọ́ lára fótò WhatsApp, kò sí áàpù tó lè dá a padà, àfi kẹ́ ẹ fojú bù ú. Mi ò sì lè rí kọ̀ǹpútà yín láti ibí, tí RAM ẹ̀ (àyè tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) bá jẹ́ 4GB, digiKam máa fà á mọ́lẹ̀, ẹ lọ sí XnView MP tààrà. Tí fóònù kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ iPhone, ẹ lè rí fáìlì HEIC, irú fótò tí iPhone ń yà, tí Windows yín kọ̀ láti ṣí, kò bàjẹ́ o, ó ń wá ohun kékeré kan tí wọ́n ń gbé sórí Windows fún un ni, ẹ má fi ìbínú dìlíìtì ẹ̀.

Torí ẹ ní lálẹ́ yìí lẹ fẹ́ ṣe nǹkan, èyí lẹ lè ṣe. Ẹ kọ́pì igba fótò péré sínú fódà tuntun kan, ẹ sọ ọ́ ní “ìdánwò”, ẹ gbé digiKam sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní kó ka fódà yẹn nìkan, ẹ má fi ìyókù hàn án. Ẹ mú fótò JPEG kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà nínú ẹ̀ bíi táàgì, ẹ fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin, ẹ pa áàpù náà dé pátápátá. Ẹ wá lọ sínú fódà yẹn pẹ̀lú File Explorer, ẹ tẹ fótò náà pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ mú Properties, ẹ mú Details, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Tags àti Rating. Tí orúkọ yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ ti rí áàpù yín. Tí kò bá sí, ẹ padà lọ wo Metadata (ọ̀rọ̀ tó wà lára fótò) nínú Settings ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un dán wò, mo ń retí èsì yín.